Ta Ni Yóò Jíhìn Rẹ̀? Àlàyé Lórí Ìlànà Ìwà Tó De Àwọn Jọ́nà Akadá

Lórí WhatsApp tí àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Abuja fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, yálà ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, ti ìjọ ni, tàbí ti àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé, gbólóhùn kan wà tó máa ń pa àríyànjiyàn lẹ́nu mọ́. Bí ẹnì kan bá ní ewé kan ń wo àtọ̀gbẹ sàn, tí ẹlòmíràn sì ní irọ́ ni, ẹni àkọ́kọ́ yóò fi líǹkì kan ránṣẹ́, yóò ní, "Ó ti jáde nínú jọ́nà." Àwọn tó kù á sì dákẹ́, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé a kì í tún bi ohun tí jọ́nà bá ti tẹ̀ jáde léèrè mọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí jọ́nà ń jẹ́rìí sí ni pé àwọn ènìyàn kan ti yẹ iṣẹ́ náà wò dé ìwọ̀n tí agbára wọn mọ, àti pé àwọn kan ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ pé àwọn ni yóò dáhùn bí ìbéèrè bá dé. Bí mo ti ń wo àwọn ìlànà ìwà tó de jọ́nà tó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo rí pé gbogbo wọn ń dáhùn: bí iṣẹ́ yìí bá dàrú lọ́la, ta ni yóò jíhìn rẹ̀?

Jọ́nà akadá ni ìwé tó ń jáde láti ìgbà dé ìgbà, tí àwọn olùwádìí fi ń ròyìn iṣẹ́ wọn fún ara wọn àti fún gbogbo ayé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 1665 ni Henry Oldenburg, akọ̀wé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Philosophical Transactions, ó sì ń jáde títí dòní. Lóde òní, olùwádìí yóò fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú. Olóòtú yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tó ohun tí à ń yẹ̀ wò rárá. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, àwọn olùyẹ̀wò, kí wọ́n wá ibi tó kù sí. Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, ẹni tó kọ iṣẹ́ kì í mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àwọn mìíràn, olùyẹ̀wò pàápàá kì í mọ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá ti sọ èrò wọn, olóòtú ni yóò pinnu bóyá kí a gbà á, kí a ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí a kọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn olùyẹ̀wò kì í sábà gba owó. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe é. Wọn kì í lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú àwọn aláìsàn tí àpilẹ̀kọ ń sọ, wọn kì í sì í sábà rí fáìlì tí wọ́n kó èsì sí. Olùyẹ̀wò lè rí i pé ìṣirò kò bára mu, tàbí pé ọ̀rọ̀ ìparí ju ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó sì hun nọ́ńbà láti inú orí ara rẹ̀, tí àwọn nọ́ńbà náà sì bára mu, agbára káká ni olùyẹ̀wò fi lè mọ̀. Ojúṣe tirẹ̀ ni pé kí ó pa àṣírí iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ mọ́, kí ó má ṣe jí èrò inú rẹ̀ lò, kí ó sì tètè sọ fún olóòtú bí ẹni tó kọ ọ́ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹbí rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń du nǹkan kan náà. Wọ́n tilẹ̀ ti fi ètò àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ ṣe jìbìtì rí. Ní ọdún 2012, àṣírí Hyung-In Moon, olùwádìí ewéko ìwòsàn ní Gúúsù Kòríà, tú pé nígbà tí àwọn jọ́nà bá ní kí ó dá orúkọ àwọn tó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lábàá, àdírẹ́sì ímeèlì tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń fi sílẹ̀. Ohun tó mú kí olóòtú kan fura ni pé ìdáhùn àwọn olùyẹ̀wò ń dé láàrin wákàtí 24, tí gbogbo wọn sì ń yin iṣẹ́ náà.

Kò sí ìjọba kan tó ń ṣàkóso gbogbo jọ́nà àgbáyé. Àwọn olóòtú ló kó ara wọn jọ. Ní ọdún 1978, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan pàdé ní ìlú Vancouver ní Kánádà, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí ICMJE lónìí (International Committee of Medical Journal Editors) ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá COPE (Committee on Publication Ethics) sílẹ̀ láti máa gba ara wọn nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ ìwà àìtọ́. COPE kò lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, kò sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó la ọ̀nà tí olóòtú yóò tọ̀ nígbà tí ẹ̀sùn bá dé, jọ́nà tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbà pé òun yóò tọ ọ̀nà náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwà wa ti máa ń takò ìlànà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rere sì ń ṣe ohun tí kò tọ́ láìfura. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, iye àpilẹ̀kọ tí olùkọ́ ní wà lára ohun tí wọ́n ń kà kí wọ́n tó gbé e ga, àwọn mìíràn sì ń béèrè pé kí díẹ̀ nínú wọn jáde lókè òkun. Nítorí náà, yálà ní Zaria ni, ní Ìlọrin ni, tàbí ní Gwagwalada, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe àjèjì ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka:

"Ẹ káàsán, sà. Mo ti parí pépà yẹn, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́la."

"O káre. Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ó ti wà níbẹ̀, sà. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹnì kejì."

"Ó dáa. Bá mi fi ti Dókítà yẹn náà kún un, ó ń retí ìgbéga lọ́dún yìí. Òun náà á fi tìrẹ sí tirẹ̀."

Kò sí ẹni tó rò pé òun ń rẹ́ni jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí àbúrò ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àgbà náà sì ń fa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ni ICMJE ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí àpilẹ̀kọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ pé. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ipa tó jọjú nínú bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, tàbí nínú kíkó èsì jọ àti títúmọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti bá wọn kọ ọ́ tàbí kí ó ti fi òye ṣàtúnṣe tó jinlẹ̀ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ti ka èyí tí yóò jáde gan-an kí ó sì fọwọ́ sí i. Ó sì gbọ́dọ̀ gbà pé òun yóò jíhìn gbogbo iṣẹ́ náà bí ẹnikẹ́ni bá bi òun. Ẹni tó wá owó ìwádìí, ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka, ẹni tó gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè kiri inú ọjà Wuse, gbogbo wọn ló yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àyè ìdúpẹ́ sì wà ní ìparí àpilẹ̀kọ fún irú wọn. Ìwà tó burú ju èyí lọ ni òdìkejì rẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí pé kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ní tèmi, mi ò rí ọ̀wọ̀ kankan nínú kí a fi àgbà ṣe onígbọ̀wọ́ ohun tí kò kà. Ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sórí iṣẹ́ ti di ẹni tí wọn yóò pè síta ní ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá fọ́.

Ọjọ́ náà sì máa ń dé. Ní ọdún 1998, jọ́nà The Lancet ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọmọdé 12, orúkọ ènìyàn 13 ló wà lórí rẹ̀, Andrew Wakefield ló sì ṣíwájú wọn. Ohun tí àwọn ènìyàn gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé láti dènà èéyi (measles) àti àrùn méjì mìíràn, lè fa ọ́tísìmù, ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ, ìpáyà sì bá àwọn òbí débi pé ọ̀pọ̀ kọ̀ láti gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́. Ní ọdún 2004, oníròyìn kan, Brian Deer, tú u síta pé Wakefield ti gba owó láti ọwọ́ àwọn agbẹjọ́rò tó ń múra láti pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́, kò sì sọ ọ́ fún jọ́nà. Mẹ́wàá nínú àwọn tó bá a fọwọ́ sí i jáde ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n ní àwọn kò sí nídìí ìtumọ̀ tí wọ́n fún èsì náà mọ́. Ó di oṣù Kejì ọdún 2010 kí The Lancet tó fagi lé àpilẹ̀kọ náà pátápátá, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé wọn ní ọdún yẹn. Ọdún 12 gbáko ni àpilẹ̀kọ náà fi wà níta.

Ẹ̀kọ́ owó tó wà nínú rẹ̀ máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Kò sí òfin tó ní kí olùwádìí má gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ oògùn, nítorí pé láìsí owó ilé-iṣẹ́, ọ̀pọ̀ oògùn ni kò ní sí ẹni tí yóò dán an wò. Ohun tí ìlànà ní kí ó ṣe ni pé kí ó kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè fi ojú tó yẹ wò ó. Ní ìparí àpilẹ̀kọ tó bá pé, ẹ ó rí ìlà kan tó ń sọ ẹni tó náwó sí iṣẹ́ náà, àti òmíràn tó ń sọ ohun tó lè mú kí àwọn tó kọ ọ́ ṣe ojúsàájú. Ìlà méjèèjì yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ kà.

Àwa tí a ń gbé ní apá Àríwá ní ìdí tiwa láti mú ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ní ọ̀kúnkúndùn. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, ọmọ 11 sì kú. Àwọn òbí ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda ẹnu, àti pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà. Àríyànjiyàn ńlá tún dìde lórí lẹ́tà tó yẹ kí ó fi hàn pé ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí ẹjọ́ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Nígbà tí Kano kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní ọdún 2003, ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣàlàyé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ló tọ́ka sí ọgbẹ́ 1996 pé ó wà lára ohun tó ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́.

Ìdí nìyí tí jọ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń béèrè, lórí iṣẹ́ tó bá kan ènìyàn, orúkọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà, àti bí wọ́n ṣe gba ìyọ̀ǹda. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí ìlera, NHREC, wà ní Abuja lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera, òfin ìlera ti ọdún 2014 sì fún un ní ẹsẹ̀ tó fi dúró.

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ Wakefield, àwọn olóòtú ti kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀. Ní 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí kòrónà gbòde, The Lancet kan náà tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine tí àwa fi ń tọ́jú ibà tipẹ́tipẹ́. Ó ní èsì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti aláìsàn tó lé ní 96,000 láti ilé ìwòsàn 671, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Surgisphere ló sì ní àwọn èsì náà lọ́wọ́. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò oògùn náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ilé ìwòsàn wo ni, níbo ni wọ́n wà, ìgbà wo ni ilé ìwòsàn ilẹ̀ Áfíríkà ní àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tó kún tó bẹ́ẹ̀. Surgisphere kọ̀ láti kó èsì náà fún àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó kọ àpilẹ̀kọ náà sì ní kí wọ́n fagi lé e. Ní 4 oṣù Kẹfà, ó ti kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ 13 péré. Àbùkù ńlá ni fún jọ́nà náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni mo ti rí ìlànà tó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́, gbogbo ènìyàn ló ti mọ̀ pé kò dára, nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni n ó ṣàlàyé. Ìdá tí ẹ̀rọ bíi Turnitin, tó ń fi iṣẹ́ wé àwọn tó ti wà nílẹ̀, ń gbé jáde, ìdá ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń sọ, kò sọ pé ẹnì kan jalè. Orúkọ ìwé tí a kọ sí ìparí iṣẹ́ lè mú kí ìdá náà ga, nígbà tí ẹni tó jí odidi èrò ẹlòmíràn tó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́ lè gba òdo. Olè ni ẹni kejì yìí. Lẹ́bàá èyí ni kí ènìyàn fi àpilẹ̀kọ kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ó gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kí ó lè dà bí márùn-ún. Ní ti ẹ̀rọ bíi ChatGPT, COPE sọ ọ́ ní ọdún 2023 pé a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó kọ iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ kò lè jíhìn. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ bí òun ṣe lò ó, àṣìṣe tó bá sì wà níbẹ̀ ti di tirẹ̀.

Ó wá kan àwọn jọ́nà gbájúẹ̀, tí wọ́n ń gba owó, tí wọn kò sì yẹ ohunkóhun wò. Ímeèlì wọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti fi àdírẹ́sì rẹ̀ sórí àpilẹ̀kọ kan rí. Wọn yóò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lókìkí", wọn yóò ní àwọn ti ka iṣẹ́ rẹ̀ ribiribi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ilẹ̀ oko ni iṣẹ́ náà, tí jọ́nà tiwọn sì jẹ́ ti àrùn ọkàn, wọn yóò sì ṣèlérí pé láàrin ọjọ́ mẹ́ta ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á. Ìlérí ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìkan ti tó láti mú ènìyàn fura, nítorí pé àyẹ̀wò tòótọ́ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù.

Owó gbígbà fúnra rẹ̀ kọ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Nínú ètò tí olùkàwé kì í ti í san ohunkóhun, ẹni tó kọ iṣẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló sábà ń sanwó. Jọ́nà Nature, tí kò sí ẹni tó lè pè é ní gbájúẹ̀, kéde ní ọdún 2020 pé òun yóò máa gba 9,500 yúrò lórí irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ní bíbi ni pé kí ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2013, oníròyìn kan, John Bohannon, kọ ròyìn nínú jọ́nà Science pé òun hun àpilẹ̀kọ irọ́ kan lórí oògùn jẹjẹrẹ, tí àṣìṣe inú rẹ̀ hàn gbangba, òun sì fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 lábẹ́ orúkọ àwọn olùwádìí Áfíríkà tí kò sí láyé. Jọ́nà 157 ló gbà á. Ó dùn mí pé orúkọ Áfíríkà ló lò, ṣùgbọ́n ó dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà gan-an wà lára àwọn tí irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ń jẹ lówó. Ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí OMICS, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ jọ́nà, tó ní ibùdó ní Hyderabad ní Íńdíà, san owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó ń tan àwọn olùwádìí jẹ.

Ohun kan tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni nọ́ńbà ISSN, nọ́ńbà mẹ́jọ tí ẹ ó rí lára jọ́nà. Ní orílẹ̀-èdè wa, National Library tó wà ní Abuja ló ń fúnni. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni ẹ fi wé: ó ń jẹ́ kí a dá ọkọ̀ náà mọ̀, kò sọ fún wa bóyá bíréèkì rẹ̀ ń mú. Jọ́nà gbájúẹ̀ náà lè ní i. Bí jọ́nà kan bá sọ pé òun wà lábẹ́ COPE, tàbí pé òun wà nínú àkójọ DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà láti orí ìkànnì tirẹ̀. Ẹ lọ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì COPE tàbí ti DOAJ fúnra wọn.

Bí wọ́n bá sì fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí i, kí ẹ wo orí àkọlé rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti fagi lé kì í pòórá. Wọn yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò kọ "RETRACTED" sí i ní lẹ́tà gàdàgbà, wọn yóò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lójú ewé kan tó dá dúró. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ìfagilé ló jẹ́ ti olè. Olùwádìí olóòótọ́ tó rí àṣìṣe ara rẹ̀, tó sì kọ̀wé sí olóòtú pé kí wọ́n yọ ọ́, yẹ fún ìyìn. Ìkànnì Retraction Watch, tí Ivan Oransky àti Adam Marcus bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ń kó àkójọ àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n fagi lé, ẹnikẹ́ni sì lè wá inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2023 nìkan, àpilẹ̀kọ tí wọ́n fagi lé káàkiri ayé lé ní 10,000, èyí tó lé ní 8,000 nínú wọn sì ti inú àwọn jọ́nà ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan, Hindawi, wá.

Ẹnikẹ́ni ló lè fi ẹ̀sùn kan àpilẹ̀kọ, ìbáà má jẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Olóòtú ni ẹ ó kọ̀wé sí, àdírẹ́sì rẹ̀ máa ń wà lórí ìkànnì jọ́nà. Ẹ kọ àkọlé àpilẹ̀kọ náà, ọdún tó jáde, ojú ewé tàbí àtẹ tí ohun tó ń kọ yín lóminú wà, àti ẹ̀rí tí ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣe gbé e sórí WhatsApp kí olóòtú tó dáhùn. Olóòtú yóò kọ́kọ́ béèrè àlàyé lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́; bí àlàyé wọn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ̀wé sí yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n wádìí. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Bí jọ́nà náà bá wà lábẹ́ COPE, tí ẹ sì ti lo gbogbo ọ̀nà ìfẹ̀sùnkàn tí jọ́nà náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ láìrí ẹni gbọ́ tiyín, ẹ lè gbé e lọ bá COPE, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti kọ.